Omi Tí Mo Gbé Mì Lójú Gbogbo Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má wá orúkọ mi. Ẹ máa pè mí ní Ìyá Rozalí. Ọmọ mi kò jẹ́ Rozalí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abúlé kan lábẹ́ àwọn òkè Dassa ni ilé ọkọ mi wà. Gàrí ni mò ń yan, ẹ̀bá títì ní Paouignan ni mo sì ti ń tà á fún àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí apá òkè.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti ọdún púpọ̀ wá. Mo ṣépè fún ènìyàn. Nígbà tí àwọn àgbà ilé ní kí n wá gbà á padà, mo ṣe bí ẹni pé mo gbà á, mi ò sì gbà á. Ojú gbogbo wọn ni mo ti ṣe é, kò sí ẹnìkan tó rí mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ mi tún ti lóyún. Òun nìkan ni mo bí. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú èyí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọwọ́ èmi ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dé ìparí ná.

Ọ̀dọ̀ Sẹsíílì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Mo ti wà nílé náà kí wọ́n tó gbé e wọlé, èmi ni mo sì gbé omi ìwẹ̀ fún un ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó jí nílé ọkọ. Ó kéré nígbà yẹn, ojú ń tì í, kò lè jẹun níwájú àwọn ọkùnrin. Yàrá mi ló ti máa ń jẹun. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìyàwó ilé méjì kì í fẹ́ràn ara wọn dénú. Àwa fẹ́ràn ara wa. A jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́, a jọ ń yan gàrí nínú agbada kan náà. Bí èéfín bá ti fọ́ mi lójú, òun ni yóò gba àfọ́kù igbá tí a fi ń rò ó lọ́wọ́ mi, yóò ní kí n lọ jókòó. Mo máa ń sọ fún un pé òun ni àbúrò tí ìyá mi gbàgbé láti bí.

Àìsàn kan wà lára mi láti kékeré. Wárápá ni. Kì í yọ mí lẹ́nu lójoojúmọ́, ọdún lè yípo kí ó má dé, àmọ́ bí ó bá dé, ilẹ̀ ni yóò gbé mi lù. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilẹ̀ wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní èpè ìdílé ni. Wọ́n ní ẹni tó bá tẹ itọ́ ẹni tó ṣubú yóò kó o. Kò sí ẹni tó ń bá irú ilé bẹ́ẹ̀ dána. Ìyá mi ti rọ̀ mí kí n tó wọlé ọkọ pé kí n pa ẹnu mọ́. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún, ó sì mú un lọ sí sàréè nígbà tí Rozalí ṣì kéré.

Ẹnìkejì tó mọ̀ ni Sẹsíílì. Ìdí odò tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni ó ti dé sí mi, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá sá. Sẹsíílì kò sá. Ó gbé orí mi lé itan rẹ̀ títí ó fi kọjá, ó fọ aṣọ mi, ó sá a sórí òkúta. Nígbà tí mo lajú, ó ní, "Ìyá Rozalí, ojú mi ò rí nǹkan kan o. Ẹ dìde, ká máa relé." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo fi ọkàn mi sọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí Rozalí dàgbà, àwọn kan wá tọrọ rẹ̀ láti Aklampa. Bàbá ọmọkùnrin náà ní oko kajú tó tẹ́ lọ bí ẹni pé kò ní parí. Inú mi dùn ju ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó lọ. Rozalí ń fajú ro, ó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kí ó dákẹ́, pé ìfẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, pé ọmọ tí kò ní bàbá kì í ṣa ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ire rẹ̀ ni mò ń wá. A ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá kan ilẹ̀kùn, kí ẹbí lè mọ ẹbí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọkùnrin náà wá. Kò jókòó. Ó ní kí a má bínú, pé àwọn ò lè ṣe é mọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "A gbọ́ pé ìyá ìyàwó máa ń ṣubú."

Ọkọ mi ti kú. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ̀. Mo wo Rozalí, ó dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo rò pé ẹkún ló ń sun. Inú mi bàjẹ́ fún un débi pé mi ò rí ohun tó wà níwájú mi mọ́.

Mo jáde sí agbo ilé. Sẹsíílì jókòó, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Mo tú gèlè mi, mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, mo gbé ọwọ́ lé ikùn tí mo fi gbé ọmọ mi. Gbogbo ilé ti mọ ohun tó ń bọ̀. Mo ní, "Ẹnu tó gbé ọ̀rọ̀ mi dé Aklampa, tó gba ayọ̀ ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹni tó ni ẹnu náà kò ní gbé ọmọ jó láyé rẹ̀."

Mi ò dárúkọ. Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe, nígbà tí ìka mi ti nà sí i? Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé bí Bẹnadẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ bá lọ sílé ọkọ, kí Sẹsíílì má rí ọmọ-ọmọ gbé.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú mi, kò ṣépè padà. Ó ní, "Ìyá Rozalí, ẹ bi mí ná. Ẹ bi mí kí ẹ tó ṣépè." Mi ò bi í. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó gbé orí mi lé itan ló tà mí, kí ni mo tún fẹ́ bi í?

Oṣù tí iṣu tuntun ń jáde ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nílé ọkọ mi, bí èpè bá wà nílẹ̀ láàárín ẹni méjì, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu, àti àgbà àti ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti jẹ èpè náà mọ́ ọn. Nítorí náà iṣu wà ní àká, ebi ń pa ilé. Odó ilé kejì ń dún láti àárọ̀, tiwa dákẹ́. Àwọn ọkùnrin á jókòó, wọ́n á máa fi imú fa òórùn iyán ilé kejì, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jí iṣu wọn.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí nìyẹn. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi mí bóyá inú mi ti rọ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé, "Wọ́n ti tú ọ láṣìírí, pẹ̀lẹ́." Ikùn wọn ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún. Ó dùn mí bí ìgbà tí Sẹsíílì tà mí, torí mo ti sìn wọ́n nínú ilé yẹn láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé bó bá ṣe iṣu ni wọ́n fẹ́ jẹ, màá jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gba èpè padà nílé wa. Àárọ̀ kùtù ni, kí ẹni méjèèjì tó kí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu. Wọ́n á dúró láìwọ bàtà níwájú àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tí wọ́n ṣépè fún ni yóò gbé igbá omi dání. Ẹni tó ṣépè yóò ní, "Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, mo pè é padà." Yóò wá bu omi náà sẹ́nu, yóò sì fi í sẹ́nu bẹ́ẹ̀ títí ẹnìkejì yóò fi wí pé inú òun mọ́ sí i. Ìgbà náà ni yóò tu ú sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì, kí ilẹ̀ lè mu ún. Wọ́n ní èpè ti bá omi wọlẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Àgbà, tó dàgbà jù nínú ilé, ló dúró tì wá. Ó kọ́kọ́ ta omi sílẹ̀ fún àwọn òkú ilé. Ó wá kìlọ̀ fún wa. Ó ní, "Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá mọ́, kó má wulẹ̀ súnmọ́ ibí. Ẹ má purọ́ sínú omi. Ẹni tó bá gbé e mì, ó ti dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà yóò sì máa rìn kiri títí yóò fi rí ẹni tó ni ín."

Mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́.

Mo pe ọ̀rọ̀ náà padà pẹ̀lú ẹnu. Mo bu omi sẹ́nu. Omijé ń bọ́ lójú Sẹsíílì. Ó ní, "Inú mi mọ́ sí yín, Ìyá Rozalí. Tọkàntọkàn ni." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìborùn mi wálẹ̀ bo ẹnu mi. Mo gbé omi náà mì. Itọ́ lásán ni mo tu. Ilẹ̀ ti tutù tẹ́lẹ̀ láti ara omi tí Bàbá Àgbà ta, kò sẹ́ni tó lè mọ ìyàtọ̀.

Kí oòrùn tó yọ tán, odó ti ń dún nílé wa. Wọ́n yọ̀ bí ẹni tó bọ́ lẹ́wọ̀n. Sẹsíílì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé iyán tèmi wá, ó fi ẹran tirẹ̀ kún un. Mo jẹ ẹ́, mo sì dúpẹ́.

A padà sídìí agbada kan náà. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń dá a lóhùn, mo tilẹ̀ ń bá a ṣeré. Àmọ́ mò ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí Bẹnadẹ́ẹ̀tì relé ọkọ, mò ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó lóyún, mò ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó ń rọbí, èmi ni mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, torí ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n jù. Ó bí ọmọkùnrin. Sẹsíílì gbé e jó láàárín agbo ilé, ó jó títí gèlè rẹ̀ fi tú. Mo pàtẹ́wọ́, mo sì ń bi ara mi nínú pé kí ló ṣe èpè mi. Kò pẹ́ tó tún bí òmíràn. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ibi ni mò ń retí nínú ilé ọ̀rẹ́ mi, tí mo sì ń bá a jẹun.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Rozalí ti lọ sí Kútọnu, ó ń ránṣọ. Ó rí ọkọ fúnra rẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀. Èkejì wálẹ̀. Ẹ̀kẹta ti ń mira kí ó tó lọ. Dókítà ní kò sí nǹkan tí òun rí.

Ẹ̀rù bà mí, mo wá sáré bí gbogbo ìyá ṣe ń sáré. Mo bu omi mímọ́ nínú ihò àpáta Màríà tí gbogbo ayé ń wá sí ní Dassa. Mo ní kí Rozalí so òwú dúdú mọ́ ìdí, kí ó wọ́n iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó má jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ sun ìta. Obìnrin kan ní Aklampa já ewé fún un, mo di ewé náà, mo fi rán ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan kan ń lé èpè, mo ṣe é.

Ta ni ẹ rò pé ó ń bá mi rìn? Sẹsíílì ni. Òun ló ń gbé mi ró bí mo bá sọ̀rètí nù. Ó ń gbààwẹ̀ nítorí Rozalí ju èmi lọ. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú, yóò gba fóònù pọ́tábù lọ́wọ́ mi, yóò súre fún ọmọ mi títí owó inú rẹ̀ yóò fi tán. Ohun tó máa ń sọ ni pé ẹni tó ṣe ibi yìí sí Rozalí, kí Ọlọ́run yí i lọ́kàn padà. Èmi náà ń dáhùn pé àmín.

Rozalí wá sílé nígbà ọdún Màríà tó kọjá. Ara rẹ̀ ti rù. A jókòó, à ń bẹ ẹ̀gẹ́, Sẹsíílì ti lọ sí mẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ tù ú nínú, ni mo bá ní, "Bí kì í bá ṣe ẹnu tantì rẹ Sẹsíílì, Aklampa ni ìwọ ì bá wà, ilé rẹ ì bá ti kún."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, tantì kọ́. Èmi ni."

Mo ní, "Ìwọ ni kí ni?"

Ó ní, "Èmi ni mo sọ fún wọn. Mi ò fẹ́ ọmọkùnrin yẹn. Mo sọ fún yín, ẹ ní kí n dákẹ́. Mo pàdé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́jà Glazoué, mo ní ìyá mi máa ń ṣubú, àti pé bóyá èmi náà á máa ṣubú. Mo ti rí yín rí lẹ́yìn ilé ìdáná nígbà tí mo kéré."

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí mo bí ló tà mí. Ohun tí mo ti fi ìtìjú bò láti kékeré, òun ló tẹ́ ẹ sọ́jà nítorí kí ó má bàa lọ sílé ọkọ kan. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mò ń tú gèlè. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Kò yanu.

Mo bi í, "O sì jẹ́ kí n ṣépè fún tantì rẹ?"

Ó ní, "Ẹ̀rù yín bà mí, Màmá. Lẹ́yìn náà ẹ ti tu omi. Ẹ kúkú ti gbà á padà. Mo ní sé finí, ọ̀rọ̀ ti tán. Àbí kò tán?"

Mo ní ó tán.

Mi ò dárúkọ Sẹsíílì lọ́jọ́ tí mo ṣépè. Ẹnu tó gbé ọ̀rọ̀ mi dé Aklampa ni mo wí. Ẹnu ọmọ mi ni. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ikùn tí mo fi bí i, mo ní kò ní gbé ọmọ jó. Wọ́n fún mi ní omi kí n fi gbà á padà, mo gbé e mì. Ìdí tí Bẹnadẹ́ẹ̀tì fi ń bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kò ní nǹkan ṣe nílé Sẹsíílì.

Ẹ̀yin kan máa ní ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni. Mo lọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà wa, ẹni tí a ń pè ní mọ́npẹ̀. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní kí n lọ bá ọ̀rẹ́ mi làjà, torí irọ́ àti ìkórìíra ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ti omi, ó ní, "Ìyá, omi tí ẹ mu lọ́jọ́ náà, ẹ ti tọ̀ ọ́ dànù kí ilẹ̀ tó ṣú." Mo rẹ́rìn-ín, torí òtítọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí mo délé, Rozalí pè mí pé òun tún ti lóyún, ẹ̀rín náà sì parẹ́. Bóyá omi ti lọ. Ta ló lè fi ọwọ́ sọ àyà fún mi pé ọ̀rọ̀ bá a lọ?

Kí a tó lè tún omi náà ṣe, Sẹsíílì ló gbọ́dọ̀ gbé igbá. Òun ni mo na ìka sí. Nítorí náà mo lọ bá a. Ó ń sẹ́ ẹ̀gẹ́ tí a ti fún gbẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ìyálé rẹ̀, mo sì sọ ohun gbogbo. Mo sọ pé Rozalí ló tú mi fó. Mo sọ pé mo gbé omi mì.

Ó ń sẹ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Nígbà tí Bẹnadẹ́ẹ̀tì ń rọbí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Kí lẹ ń rò nígbà yẹn?"

Ó wò mí, ó sì mọ̀. Mi ò rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí mo ṣépè. Mo ní, "Sẹsíílì, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Kì í ṣe nítorí mi. Gbé igbá dání nítorí Rozalí."

Ó ní, "Rozalí jẹ́ ọmọdé nígbà náà, mo ti dárí jì í. Igbá kò wúwo, mo lè gbé e. Ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ ni kò sí lẹ́nu mi. Wọ́n máa ní kí n wí pé inú mi mọ́ sí yín. Kò mọ́. Ṣé kí n purọ́ sínú omi bí ẹ ti ṣe?"

Mo ní rárá. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò mọ́.

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Lọ́dún yẹn wọn ò dúró kí inú yín rọ̀, wọ́n ti yín síbẹ̀ nítorí iṣu. Ẹ jẹ́ kí tèmi rọ̀ fúnra rẹ̀." Ó gbé asẹ́ rẹ̀, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ bí ó ti yẹ. Àmọ́ ó ti ra agbada tirẹ̀. Àwọn ará ilé ń bi mí kí ló dé, mi ò lè sọ. Bí mo bá kó àwọn àgbà jọ láti bá mi bẹ̀ ẹ́, wọ́n máa gbọ́ ohun tí Rozalí ṣe, wọ́n sì tún máa ti obìnrin yìí síbi omi pẹ̀lú inú tí kò mọ́. Bí mo bá sọ fún Rozalí pé èpè ìyá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀rù nìkan lè ba oyún náà jẹ́. Bí mo bá sì ń dúró, oyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti ń súnmọ́ ìgbà tí àwọn yòókù fi ń lọ.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Rozalí pè. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun díẹ̀. Ó ní kí n gbé pọ́tábù fún tantì, kí ó súre fún òun bí ó ṣe máa ń ṣe. Mo gbé e lọ bá Sẹsíílì níbi tó jókòó sí. Ó gbà á, ó gbé e sétí. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là, tó sì tún pa dé. Ó fẹ́ súre náà, mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ ó ti mọ ẹni tó ṣe ibi náà sí Rozalí, kò sì lè purọ́. Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú rẹ̀ pé, "Tantì? Tantì, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ènìyàn rí tí wọ́n sì padà dárí jì yín dénú, kí lẹ ṣe? Ẹ sọ fún mi kíá.